Ọmọ Tí Etí Rẹ̀ Di: Gbogbo Ilé Ni Yóò Kọ́ Èdè Rẹ̀

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń lò fún ẹni tí etí rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ó ya olóríkunkun: a ó ní “kò gbọ́ràn.” Bóyá ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí etí wọn di fi ń jẹ pàṣán kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé wọn kò gbọ́ ìpè rárá. Ìyá pè é títí, kò dáhùn. Bàbá rán an níṣẹ́, ó dúró, ó ń wò ó. Ni wọ́n bá nà án. Ọmọ náà sunkún, kò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀. Ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, kì í sì í ṣe ìwòsàn ni mo fẹ́ fi ṣe kókó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ni: bí ìyá, bàbá, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ ọ̀dọ̀ yóò ṣe máa bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ka iye wọn, ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú ọmọ adití mẹ́wàá tí ó jẹ́ pé òbí tí ń gbọ́rọ̀ ni ó bí wọn. Èyí ni pé ní ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ inú ilé, kò sí ẹnì kan nínú ilé náà tí ó gbọ́ èdè tí ojú rẹ̀ lè rí. Ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ adití kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí láti orí ọmú ni ó ti ń rí èdè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ní 1991, Laura Petitto àti Paula Marentette, àwọn olùwádìí méjì ní ìlú Montreal ní Kánádà, fi hàn pé ọmọ ọwọ́ adití tí àwọn òbí rẹ̀ ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ a máa fi ìka kéékèèké rẹ̀ wí wótowòto, ní àkókò kan náà tí àwọn ọmọ yòókù ń fi ẹnu wí “bàbàbà.” Ọpọlọ ọmọ kò bìkítà bóyá etí ni èdè gbà wọlé tàbí ojú. Èdè sáà ni ó ń wá, ó sì ń wá a ní kíákíá. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò; ọmọ tí kò rí èdè kankan gbà títí ó fi di ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje yóò máa sáré lé e ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Bí a ṣe ń fura

Mo máa ń gba àwọn ìyàwó ilé níyànjú pé kí wọ́n má dúró de ìgbà tí ọmọ bá pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ariwo òjijì a máa ta ọmọ tuntun jí. Bí ó bá tó oṣù mẹ́fà, a máa yí orí sí ibi tí ohùn ìyá rẹ̀ ti ń wá. Bí ó bá pé ọdún kan, ó yẹ kí ó mọ orúkọ ara rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí èyí, ẹ dúró sí ẹ̀yìn ọmọ níbi tí kò ti lè rí yín tàbí òjìji yín, kí ẹ pè é ní ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe gbá ilẹ̀kùn, ẹ má sì ṣe fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, nítorí ara ọmọ adití a máa gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò gbọ́. Yóò yíjú padà, ẹ̀yin yóò sì rò pé ohùn yín ni ó gbọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ni èyí ti tàn jẹ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí ó ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun, bí irú UCH ní Ìbàdàn. Yírùnyírùn, éèyi, ṣegede, ibà pọ́njú tí ó bá le jù lára ọmọ tuntun, àti àwọn abẹ́rẹ́ kan bíi gentamicin àti streptomycin, gbogbo wọn ni ó lè di ènìyàn létí. A sì ń bí àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀ láti inú wá. Kò sí èyí tí àdín tàbí omi ewé tí a ro sí etí lè wò nínú wọn. Bí dókítà bá ní kí ẹ ra ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀, tí agbára yín sì ká a, ẹ rà á. Ṣùgbọ́n bátìrì a máa tán, ẹ̀rọ a máa bàjẹ́, àwọn etí kan sì wà tí ẹ̀rọ kò fi bẹ́ẹ̀ ràn lọ́wọ́. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá ti mọ èdè ọwọ́, kò ní í fẹ́ fi ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́. Ìbẹ̀rù lásán ni. Ọmọ tí ó ti ní èdè kan ni ó rọrùn fún láti kọ́ èkejì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ wa ti ń gbọ́ Yorùbá nílé kí wọ́n tó lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé.

Èdè ni, kì í ṣe ìjúwe lásán

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èdè ọwọ́ kò ju kí a máa na ìka sí nǹkan lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1880, àwọn olùkọ́ adití ṣe àpérò ní ìlú Milan ní Ítálì, wọ́n sì pinnu pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí a máa fi kọ́ àwọn adití, kí a sì pa ọ̀rọ̀ ọwọ́ tì. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé lẹ́yìn náà, ìyà ni ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ ń jẹ. Ó di 2010, ní ìlú Vancouver ní Kánádà, kí àpérò náà tó kọ ìpinnu yìí sílẹ̀ tí ó sì kẹ́dùn lórí ibi tí ó ti ṣe. Bẹ́ẹ̀ láti 1960 ni William Stokoe, olùkọ́ kan ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, ti fi hàn pé èdè gidi ni. Ó ní bí ọwọ́ ṣe rí, ibi tí a gbé e sí àti bí ó ṣe rìn ni a fi ń mọ ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa Yorùbá láti gbà. Àwa ni a mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Nínú èdè ọwọ́ tí a ń lò ní Nàìjíríà, bí ẹ bá la ọwọ́ ọ̀tún yín, tí ìka márààrún yà sọ́tọ̀, tí ẹ sì fi àtàǹpàkò kan àgbọ̀n, ìyá ni ẹ pè. Ẹ gbé ọwọ́ kan náà lọ sí iwájú orí láìyí i padà, bàbá ni ẹ pè. Ojú pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀: ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ gbé ìpéǹpéjú sókè, ìbéèrè “ta ni” tàbí “níbo,” ẹ fa ojú ro díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ mì dà bí ẹni tí ń ka Yorùbá láìsí àmì ohùn.

Láti Amẹ́ríkà ni èdè ọwọ́ tí a ń kọ́ ní àwọn ilé ìwé adití wa ti wá. Andrew Foster, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí yírùnyírùn di létí nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni ó gbé e dé Gánà ní 1957. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú àwọn adití tí ó gba oyè ní Gallaudet, ní 1954. Ní 1960 ó dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Kàdúná àti ní Enugu, ó sì ń bá iṣẹ́ náà kiri Áfíríkà títí ó fi kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní 1987. Àwọn adití ní Benin àti Tógò náà ń lo èdè tí ó bá tiwa tan. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù ni kí ẹ ṣọ́ra. Bí àǹtí bá fi ìwé èdè ọwọ́ ránṣẹ́ láti ọ̀hún, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi kọ́ ọmọ. Èdè ọwọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ pátápátá. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń kọ ábídí, ọwọ́ kan ṣoṣo sì ni tiwa.

Ẹnì kan kì í jẹ́ “àwá dé”

Mo mọ ìdílé kan dáadáa ní Ìbàdàn tí yírùnyírùn di ọmọbìnrin wọn létí kí ó tó pé ọmọ ọdún méjì. Wọ́n gbà kí n sọ ìtàn wọn bí n kò bá ti dárúkọ. Aṣọ ni ìyá ń tà. Awakọ̀ ni bàbá. Ìyá ọkọ ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ọkùnrin sì ti ń lọ sí ilé ìwé. Fún ọdún méjì gbáko, ìjúwe ni wọ́n fi ń bá ọmọ yìí lò. Ó ń fa ìyá rẹ̀ ní ìró lọ sí ibi tí ohun tí ó fẹ́ wà. Bí ohun náà kò bá sí níbẹ̀, kò sí bí ó ṣe lè béèrè rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọmọ lè júwe ife omi, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe júwe àná? Báwo ni yóò ṣe na ìka sí “kí ló dé tí bàbá kò tíì dé?” Ìbínú ọmọ náà pọ̀ nígbà náà, a máa bu ènìyàn jẹ, àwọn ará ilé sì ń sọ pé orí rẹ̀ kò pé. Kò sí ohun tí ó ṣe orí rẹ̀.

Nígbà tí ìyá gbọ́ pé aránṣọ kan, obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, ń kọ́ni ní èdè ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Ó tẹra mọ́ ọn, ó sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni. Kò pẹ́ tí ó fi di ògbufọ̀ gbogbo ilé: bí ọmọ bá fẹ́ bá bàbá sọ̀rọ̀, ìyá ni, bí ìyá àgbà bá fẹ́ mọ ohun tí ń pa ọmọ lẹ́rìn-ín, ìyá ni. Bí ìyá bá wà lọ́jà, ọmọ ti di odi nìyẹn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bàbá ní iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun ráyè, àti pé ọwọ́ àgbàlagbà ti le.

Lẹ́yìn ọdún kan, òkú ṣẹlẹ̀ ní ìdílé ìyá, ó sì lọ sí Ṣakí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní alẹ́ kejì ọmọ jí, ó ń sunkún. Ó na ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó kọ wọ́n lójú sí ara wọn níwájú ikùn, ó sì ń yí wọn. Bàbá gbé oúnjẹ fún un, ó tì í. Ó gbé omi, ó tì í. Ó rò pé ìyá rẹ̀ ni ó ń wá, ó bá gbé e pọ̀n, ó ń rìn kiri yàrá títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀, ìyá pè lórí fóònù, wọ́n sì gbé àwòrán rẹ̀ sí iwájú ọmọ. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí ìyá fi kígbe: “Ẹ jọ̀wọ́, inú ní ń run ún o, ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó ní òun ti ń sọ fún yín láti alẹ́.” Ìfun àfikún ni ó wú, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ara rẹ̀ sì yá. Ohun tí bàbá sọ fún mi nípa alẹ́ ọjọ́ náà kò pọ̀. Ó ní, “Ọmọ mi bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Èmi ni mo ya adití.”

Kì í ṣe inú rírun nìkan ni mo ń bẹ̀rù. Ọmọ tí kò ní èdè ni oníwà ibi lè fọwọ́ kàn, tí yóò sì máa rìn lọ láìfòyà, nítorí ó mọ̀ pé ọmọ náà kò lè ròyìn. Nítorí náà ẹ kọ́ ọmọ yín ní orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara, títí kan èyí tí aṣọ ń bò, kí ẹ kọ́ ọ ní “rárá,” kí ẹ sì rí i pé ẹni tí yóò lè sọ ọ́ fún nínú ilé ju ẹyọ kan lọ. Bí ó bá jẹ́ ìyá nìkan ni, ẹni ibi yóò dúró de ìgbà tí ìyá kò sí nílé.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, aránṣọ ni ó ń wá sí ilé wọn ní Sátidé, gbogbo ilé sì ń jókòó. Ìyá àgbà tí kò wọ ilé ìwé rí ni ó yára mọ̀ ọ́n jù. Kò yà mí lẹ́nu. Èdè ọwọ́ kò ní kí ẹnikẹ́ni mọ ìwé tàbí Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó sọ ọ́, àwọn ìyá àgbà sì mọ bí a ti ń ka ojú ènìyàn jù wá lọ. Olùkọ́ fún oníkálukú ní orúkọ ọwọ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn adití. Ti ìyá àgbà ni ìka mẹ́ta tí a fà wálẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, nítorí pélé tí wọ́n kọ. Wọ́n ń fi orúkọ yìí yangàn. Wọ́n ní oríkì tuntun ni. Ní ti bàbá, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá títí di òní. Ọmọ a máa di ìka rẹ̀ mú, a sì máa tẹ̀ ẹ́ bí ó ti yẹ, a wá rẹ́rìn-ín títí.

Ìmọ́lẹ̀, ìjókòó àti ọwọ́ tí ó dilẹ̀

Ibi tí iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé wà gan-an nìyí, nítorí ilé tí a fi ń gbọ́rọ̀ yàtọ̀ sí ilé tí a fi ń rí ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ pípọ̀n. Ó dára, kò sì sí ìdí tí a ó fi pa á tì fún ọmọ adití. Ìgbóná ẹ̀yìn ìyá tirẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń gbọ́rọ̀ ń gba èdè lórí ẹ̀yìn bí ìyá bá ń na ọjà tàbí tí ó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Ọmọ adití kò rí ojú ìyá, kò sì rí ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ jókòó kọjú sí i, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ṣe nígbà tí ó wà lẹ́yìn yín fún un. Ẹ má ka èyí sí àfikún iṣẹ́. Àsanpadà gbèsè ni.

Ohun kejì ni pé ọmọ adití kò lè wo nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fi ajá han ọmọ mìíràn, ojú rẹ̀ wà lára ajá, etí rẹ̀ ń gbọ́ “ajá.” Adití gbọ́dọ̀ wo ajá, kí ó tó wá wo yín. Ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí ó wo ohun náà tẹ́rùn, ẹ dúró títí yóò fi gbé ojú padà, kí ẹ tó ṣe àmì rẹ̀. Tàbí kí ẹ ṣe àmì náà lẹ́bàá ohun tí ó ń wò. Ìkánjú ìyá ni ó ń ba nǹkan jẹ́ níhìn-ín ju àìmọ̀ lọ.

Nínú òkùnkùn, kò sí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ẹ ń jẹun alẹ́, àwọn yòókù yóò máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, òun nìkan ni yóò dákẹ́. Kí fìtílà tàbí tọ́ọ̀ṣì alágbára máa wà nítòsí, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí yóò ti tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú àti ọwọ́ àwọn tí ń sọ̀rọ̀. Ẹ má kẹ́yìn sí fèrèsé bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, nítorí òjìji dúdú ni yóò rí. Bí ẹ bá fẹ́ pè é, ẹ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ẹ ju ọwọ́ sókè níbi tí ó ti lè rí i, tàbí kí ẹ pa iná kí ẹ sì tún tàn án. Ẹ má ṣe ju nǹkan lù ú. Níbi oúnjẹ, ìjókòó olóbìírípo ni ó dára jù, kí ó lè rí gbogbo ojú. Kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé èyí ṣòro nínú ilé Yorùbá.

Ilé ìdáná ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ebi a máa mú kí ọmọ tètè kọ́ ọ̀rọ̀. “Jẹun” kò yàtọ̀ sí bí a ti ń mú òkèlè lọ sí ẹnu. Fún “omi,” ẹ na ìka mẹ́ta sókè, kí ẹ ká àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín pọ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ ìka ìlábẹ̀ kan àgbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Fún “sí i,” ẹ ṣu ìka ọwọ́ méjèèjì jọ, kí ẹ fi orí wọn kan ara wọn. “Ó tán” ni kí ẹ la ọwọ́ méjèèjì kọjú sí ara yín, kí ẹ sì yí wọn síta kánkán. “Ìrora” ni èyí tí ọmọ Ìbàdàn náà ṣe ní alẹ́ ọjọ́ un. Ibi tí ó bá ti ń dunni gan-an ni a ti ń ṣe é, níwájú orí fún orí fífọ́, lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún eyín. Àmì kan lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ilé ìwé kan sí èkejì, nítorí náà èyí tí àwọn adití àdúgbò yín ń lò ni kí ẹ mú. Ẹ gbé ṣíbí sílẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ọbẹ̀ kò ní í jóná fún ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀

Ohun kan wà tí àwọn ìwé òyìnbó kì í sọ, nítorí kò kàn wọ́n. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tí a kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé kì í tẹjú mọ́ àgbà tí ń bá a wí. Ilẹ̀ ni ó ń wò. Bí ọmọ adití bá wolẹ̀, ó ti di etí kan ṣoṣo tí ó kù fún un nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ó tẹjú mọ́ yín, kí ẹ sì tètè ṣàlàyé fún àwọn àna àti àlejò kí wọ́n má baà pè é ní aláfojúdi. Bẹ́ẹ̀ ni nína ìka. Nínú èdè ọwọ́, ìka tí a nà sí ènìyàn ni “ìwọ,” òun náà ni “ẹ̀yin,” inú ìyá ọkọ tí ọmọ ọdún mẹ́rin na ìka sí lè má dùn rárá. Ẹ lè kọ́ ọmọ láti la àtẹ́lẹwọ́ sí àgbà dípò ìka kan, àwọn adití pàápàá a máa ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fúnni. Ẹ kọ́ ọ kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìkíni Yorùbá kò fi gbogbo ara gbé orí ahọ́n. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò júwe ilé, ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, a sì ti ń lo èdè ojú nílé kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wa. Èwo nínú wa ni ìyá rẹ̀ kò fi ojú bá wí rí níwájú àlejò? Àlejò fi ẹran lọ ọmọ, ọmọ wo ojú màmá, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá kí ó gbà á tàbí kí ó ní òun ti yó. Àwọn ọmọdé náà kì í jẹ́ kí ó sú wọn. Ẹ̀gbọ́n ọmọ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ni ó ń pa àlọ́ fún un lálẹ́. Bí Ìjàpá bá ń rìn, ọrùn rẹ̀ a máa yọ jáde láti inú ẹ̀wù, a sì tún wọlé. Kìkì pé kí a má sọ irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ di ògbufọ̀ ilé. Kí ó máa lọ ṣeré tirẹ̀.

Ilé ìwé

Ẹnì kan yóò ní, “Ṣé ilé ìwé adití kò ní í kọ́ ọ ni?” Yóò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwé adití wa ni ọmọ ń gbé sùn, ọmọ sì ti tó ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó mú un débẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Bí ìsinmi bá dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yọ̀ pé àwọn ń lọ sílé. Òun ń padà sí ibi tí kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ohun tí ó kọ́. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ pé àwọn ọmọ kan a máa sunkún ní ọjọ́ ìsinmi. Bí ọmọ yín bá wà ní irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ bi àwọn olùkọ́ bóyá wọ́n ń kọ́ òbí. Bí wọn kò bá ń kọ́ wọn, ẹ̀yin ìyá mélòó kan lè parapọ̀ láti bẹ̀ wọ́n.

Ẹ má sì wá olùkọ́ lọ jìnnà. Ẹgbẹ́ àwọn adití Nàìjíríà ní ẹ̀ka ní àwọn ìpínlẹ̀ wa. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá, àwọn ìjọ kan wà tí àwọn adití ti ń péjọ, tí ògbufọ̀ sì ń dúró níwájú. Fídíò tí ń kọ́ni pọ̀ lórí fóònù, ó sì dára fún àtúnyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kò lè tẹ ìka yín sí bí ó ti yẹ. Adití tí ó ti dàgbà, tí ó ń ṣiṣẹ́, tí ó ní ilé àti ọmọ, ni ó dára jù, nítorí òun náà ni ọmọ yín yóò wò tí yóò fi mọ ohun tí òun lè dà. Aránṣọ tí mo sọ nípa rẹ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá tí wọ́n bá mú ọmọ wọn wá. Aṣọ ni wọ́n ń gbé fún un rán, ní ọdún tó kọjá ó sì ní láti gba ọmọ iṣẹ́ méjì sí i kí ó tó lè rán aṣọ Kérésì wọn tán.